Orúkọ Tí Ọ̀fọ̀ Ń Jẹ́: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ẹni Tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀, àti Ìlò Wọn ní Lọ́kọ́ja

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2020, ọwọ́ awakọ̀ kò ká ọkọ̀ agbépo kan mọ́ ní Felele, ní ìlú Lọ́kọ́ja. Ọkọ̀ náà rọ́ lu àwọn ọkọ̀ mìíràn ní òpópónà tí ó lọ sí Àbújá, iná sì sọ. Àwọn tí ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ lé ní ogún. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára wọn, àwọn ọmọdé tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lára wọn pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀dọ̀ ìjọba jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tí ó sì sábà máa ń dúró fún àwọn tí a torí wọn kọ ọ́ ni 'the bereaved'.

Kí ni oníròyìn tí yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí etí àwọn tí ó gbọ́ Yorùbá yóò pe àwọn ènìyàn yìí? Ó lè pè wọ́n ní 'ẹbí olóògbé'. Ó lè pè wọ́n ní 'àwọn olóòkú', tàbí 'àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀', tàbí kí ó sọ pé 'àdánù ńlá bá wọn'. Kò sí èyí tí kò yé ènìyàn nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mu délẹ̀délẹ̀. Bí ó bá sì yan 'olóòkú' fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún jóná, ó ti ṣẹ ìyá náà láì mọ̀, nítorí pé ẹni tí àgbà kú fún, tí ó ń palẹ̀ ìnáwó mọ́, ni Yorùbá sábà máa ń pè ní olóòkú.

Kì í ṣe ìṣòro ògbufọ̀ nìkan ni èyí. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà tí èdè méjèèjì gbà ń wo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi orúkọ lé e lórí. Yorùbá a máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, a máa sọ iṣẹ́ tí ó kù fún un láti ṣe, a sì máa kí i. Bí a bá mú orúkọ tí ọ̀kan fi lélẹ̀ dí àlàfo ìkíni tí èkejì mọ̀, ẹni tí ó ń sunkún ni yóò fara gbá a.

Lọ́kọ́ja gẹ́gẹ́ bí ìkóríta èdè

Lọ́kọ́ja yẹ fún irú àyẹ̀wò yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ibẹ̀ náà ni èdè púpọ̀ ti pàdé. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ, wà ní ìlú náà àti ní àgbègbè rẹ̀. Bùnú, Ìjùmú àti Ìyàgbà kò jìnnà sí i. Àwọn Nupe, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Bassa àti Haúsá ń gbé pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú bí ó ti ń sunkún òkú tirẹ̀. Láti ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991, tí Lọ́kọ́ja di olú-ìlú rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe alárinà fún gbogbo wọn ní ọ́fíìsì, Haúsá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjà.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀ láìsí ọ̀fọ̀. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gun Odò Ọya dé ìpàdé odò náà. Iba kọ lu àwọn tí ó wà nínú wọn, òyìnbó tí ó lé ní ogójì sì kú láàárín ìgbà díẹ̀. Ní nǹkan bí 1860 ni William Balfour Baikie tẹ ibùdó kan dó sí Lọ́kọ́ja. Itẹ́ òkú àwọn òyìnbó ṣì wà ní ìlú náà títí di òní.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá ọkọ̀ 1841 náà rìn ni Samuel Ajayi Crowther. Ní 1843 ó tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Lọ́kọ́ja sì di ọ̀kan nínú àwọn ibùdó iṣẹ́ ìjọ rẹ̀ lẹ́bàá Odò Ọya. Ọkùnrin tí ó wá wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ọ̀fọ̀ inú Bíbélì yìí mọ ọ̀fọ̀ láti inú ilé. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn, 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìyá náà kò mọ̀ bóyá òkú ni ọmọ rẹ̀ tàbí alààyè. Yorùbá ní ọmọ ẹni kú ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kan, ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Yorùbá, tí ó dárúkọ ipò tí ìyá yìí wà. Òwe ni ó gbé e.

Nínú Bíbélì tí iṣẹ́ Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ó hàn pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún àwọn ògbufọ̀ ní iṣẹ́. Ní orí karùn-ún ìwé Mátíù, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo 'mourn', 'káàánú' ni Yorùbá lò. Ṣùgbọ́n létí ẹni tí ó ń gbọ́ Yorùbá lónìí, ẹni tí ó ń káàánú ni ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí ẹlòmíràn. Ẹsẹ díẹ̀ sí i ni ìbùkún tí ó jẹ́ ti àwọn aláàánú gan-an wà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìbùkún méjì tí ó yàtọ̀ síra ní Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà létí olùgbọ́, ẹni tí ó sì ń sunkún òkú tirẹ̀ lè gbọ́ ìwàásù náà kí ó má mọ̀ pé òun ni a ń bá wí. 'Ṣọ̀fọ̀' wà ní èdè náà, ìbá sì ti sọ ọ́ gbangba.

Ohun tí ó wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà

'Bereave' jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí a fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Ìbátan 'rob' ni. 'The bereaved', nígbà náà, ni ẹni tí a jà lólè. 'Grieve' gba ọwọ́ Faransé wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí wíwúwo. Ẹni tí ó ń 'grieve' ni ẹni tí ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀. 'Widow' ti pẹ́ ju Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ lọ: 'vidua' ti Látìnì àti 'vidhavā' ti Sansikíríìtì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, èrò ìyapa tàbí òfìfo sì ni àwọn onímọ̀ rí nínú gbòǹgbò wọn. 'Orphan' ti inú èdè Gíríìkì wá. 'Condole' túmọ̀ sí kí a jọ jẹ ìrora, ó sì súnmọ́ 'bá kẹ́dùn' tí Yorùbá ń lò.

Bí orísun wọn tilẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn. 'A widow', 'an orphan', 'the bereaved', 'a mourner': ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn, tàbí ohun tí a lò bí ọ̀rọ̀-orúkọ. Ènìyàn ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ọ̀fọ̀ náà ti di oyè tí onítọ̀hún ń jẹ.

Ìhun Yorùbá yàtọ̀. A ní 'ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí'. Nínú gbólóhùn yìí, ọ̀fọ̀ ni olùwà, ènìyàn sì jẹ́ àbọ̀. Ọ̀fọ̀ ni ó ṣe nǹkan, ènìyàn ni a ṣe é sí. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé a ja ènìyàn lólè, kò sì dárúkọ olè. Yorùbá kì í fi olè náà pamọ́: 'ikú mú un lọ', 'ikú wọlé tọ̀ wọ́n'. Lótìítọ́, a lè ṣẹ̀dá 'aṣọ̀fọ̀' àti 'ọlọ́fọ̀', àwọn òǹkọ̀wé sì ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n jẹ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ó ṣòro kí ènìyàn wọ ilé ẹni tí òkú kú fún kí ó sì pè é ní 'ọlọ́fọ̀' lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa àmì ohùn kò ṣeé fojú fò níhìn-ín. Òfò ni ohun tí oníṣòwò ń pàdánù. Ọ̀fọ̀ ni ti ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú. Ọfọ̀ ni ọ̀rọ̀ agbára. Nígbà tí a bá tẹ ìwé ìkéde òkú sára ògiri láìsí àmì lórí àti lábẹ́ ọ̀rọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ẹni tí ó ń kọ́ èdè náà lè rò pé òwò ni ó bàjẹ́, tàbí pé a ń pe ọfọ̀ sí ẹnìkan. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lójú ìwé ìròyìn lè pani lẹ́rìn-ín. Lójú ìwé ìsìnkú, kò yẹ kí ó wáyé rárá.

Opó àti 'widow'

Gbogbo atúmọ̀-èdè ni ó sọ pé 'widow' ni opó, kò sì burú bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ń wá ìtumọ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n Yorùbá a máa ní obìnrin kan 'ń ṣe opó', bí ènìyàn ti í ṣe iṣẹ́ tàbí ṣe ọdún. Ohun tí a bá ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Aṣọ opó wà tí a ń wọ̀ tí a sì ń bọ́. Ọjọ́ wà tí opó yóò jáde. Láyé àtijọ́ ni àṣà ṣíṣú opó tẹ̀lé e, tí ẹbí ọkọ fi ń gba obìnrin náà sọ́dọ̀. Ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù ní oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tirẹ̀, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní 'takaba', ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ará Lọ́kọ́ja létí. 'Takaba' pẹ̀lú, sáà ni ó ń dárúkọ, kì í ṣe ènìyàn.

'Widow' kò ní ọjọ́ ìjáde. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì ń jẹ́ 'widow' títí tí yóò fi fẹ́ ẹlòmíràn tàbí tí òun náà yóò fi kú. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 23, oṣù kẹfà sọ́tọ̀ ní 2010 fún ọ̀ràn àwọn obìnrin wọ̀nyí, ìtumọ̀ tí kò ní òpin yìí ni ó wà lọ́kàn wọn, ó sì wúlò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyà ogún àti ti oúnjẹ kì í parí lọ́jọ́ tí a bọ́ aṣọ dúdú. Yorùbá òde-òní náà ti ń lo 'opó' bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn opó ti wà. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ hàn nínú òfin. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, abala kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ sì ka àṣà tí ó ń pa obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú lára léèwọ̀. Ọ̀rọ̀ tí òfin náà lò ni 'widowhood'. Ẹni tí ó bá fi 'opó ṣíṣe' túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà ìlú ti sọ fún wọn pé ìjọba fi òfin de ọ̀fọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà náà yóò sì kọ òfin náà, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ìyà, bí kò ṣe nítorí pé ìtumọ̀ tí wọ́n gbọ́ kò bójú mu. Bí ó bá sọ pé òfin náà kọ 'ìyà tí a fi ń jẹ opó', ọ̀rọ̀ yé wọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ju wóró díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ààbò obìnrin kan lè wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú yẹ kí a mẹ́nu bà. Gẹ̀ẹ́sì fi àfòmọ́ kún 'widow' kí ó tó rí 'widower', bẹ́ẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n ní èdè náà kí ti obìnrin jẹ́ gbòǹgbò kí ti ọkùnrin jẹ́ ẹ̀ka. Yorùbá fi 'ọkùnrin' kún 'opó' bákan náà, ó di 'opókùnrin', ọ̀rọ̀ tí kò tíì rọrùn lẹ́nu púpọ̀. Àwọn èdè méjèèjì jẹ́rìí sí i pé obìnrin ni àwùjọ kọ́kọ́ gbé ọ̀fọ̀ lé lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Níhìn-ín, Yorùbá kò sàn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. A kò fún ọkùnrin ní aṣọ, a kò fún un ní ọjọ́, a sì ń retí kí ó mú ọkàn le.

Òbí tí ọmọ kú fún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ṣàkíyèsí pé Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún aya tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ní orúkọ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún òbí tí ọmọ rẹ̀ kú. Náómì inú ìwé Rúùtù jẹ́ àpẹẹrẹ. Ọkọ rẹ̀ kú, ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì sì kú. 'Widow' dárúkọ ìdá kan nínú òfò rẹ̀, ìyókù kò ní orúkọ. Nígbà tí ó padà sí ìlú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n máa fi orúkọ mìíràn pe òun, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ìkorò.

Yorùbá pẹ̀lú kò ní ọ̀rọ̀-orúkọ náà. Ṣùgbọ́n àìní orúkọ ní Yorùbá kò jọ àlàfo tí a gbàgbé láti dí. Èdè tí ó mọ orúkọ fún ọmọ tí ó kọ́kọ́ bẹ́sẹ̀ wáyé, fún ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì àti fún ọmọ tí ń kú tí ń padà wá, kò ní aláìní orúkọ fún òbí náà bí ó bá fẹ́ ẹ. 'Àbíkú' gan-an fi èyí hàn: ọmọ ni ó dárúkọ, kì í ṣe ìyá. Ọ̀rọ̀ náà lágbára débi pé nígbà tí Wọlé Ṣóyínká àti J. P. Clark kọ ewì Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀ràn yìí, 'Abiku' ni olúkúlùkù wọn fi ṣe àkọlé, wọn kò wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àbíkú, ìyá ni a ń pè é títí. Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ènìyàn. Ta ni yóò fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ obìnrin tí ó ṣì lè bímọ?

Dípò orúkọ, gbólóhùn kan ni a fún un: 'Omi ló dànù, agbè kò fọ́.' Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Omi dànù lótìítọ́, kò sì ṣeé kó. Ṣùgbọ́n ó yí ojú obìnrin náà kúrò lára ohun tí ó dànù sí ara ohun tí ó kù, ìyẹn òun fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ìbánikẹ́dùn, tí ó ń pè é ní ẹni tí a jà lólè, ń tọ́ka sí àgbá òfìfo. Yorùbá ń tọ́ka sí agbè tí kò fọ́.

Kò yẹ kí a wá torí èyí gbé Yorùbá gẹṣin. Gbólóhùn náà ní ààlà. Ó bá ìyá ọ̀dọ́ mu, ẹni tí ọmọ ọwọ́ kú mọ́ lọ́wọ́. Kí ni a ó sọ fún ìyá ẹni àádọ́ta ọdún tí ọmọ rẹ̀ ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó kú ní Felele? Bí a bá kí i pé agbè kò fọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹ̀gàn. Àṣà a máa pa irú òbí bẹ́ẹ̀ mọ́: wọn kì í jẹ́ kí ó rí ibojì ọmọ rẹ̀, a kì í ṣe ìnáwó òkú ọ̀fọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ náà a sì di ohun tí a kì í sọ níṣojú rẹ̀. Ààbò ni àṣà náà pète rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí ìdákẹ́ bá pẹ́, ó lè fi òbí náà sílẹ̀ ní òun nìkan. Yorùbá kan náà ni ó sọ pé ẹlẹ́kún sunkún ó bá tirẹ̀ lọ, aláròpa ìbá sunkún kò dákẹ́. Òbí tí a kò jẹ́ kí ó sun ẹkún rẹ̀ tán ni ó ń di aláròpa.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní iṣẹ́ rere láti ṣe. Ní 1969, ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, The Compassionate Friends, fún àwọn òbí tí ọmọ wọn kú, ó sì ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. 'Bereaved parents' ni wọ́n ń pe ara wọn. Orúkọ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí a so pọ̀, ni ó mú kí wọ́n lè mọ ara wọn, kí wọ́n sì jókòó pọ̀. Orúkọ a máa di ẹrù, ṣùgbọ́n a máa di àga pẹ̀lú. Bí àwọn òbí Felele bá fẹ́ jókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀, Yorùbá kò tíì ní orúkọ tí wọ́n lè kọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ òrukàn, olóòkú àti 'mourner'

'Orphan' ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé ni. Ẹni ọgọ́ta ọdún tí ìyá rẹ̀ kú kì í sọ pé òun di 'orphan' bí kò ṣe pé ó fẹ́ ṣàwàdà tàbí kí ó fi ìbànújẹ́ ṣeré. Yorùbá ní 'ọmọ òrukàn', ó sì ní 'aláìníbaba' àti 'aláìníyàá', tí ó ń sọ èwo nínú òbí méjèèjì ni ó lọ. Èyí bá ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù mu, níbi tí ọmọ tí baba rẹ̀ kú ti jẹ́ ọmọ òrukàn bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ wà láàyè. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà Yorùbá tí ìyá rẹ̀ kú lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ti di ọmọ òrukàn, kò sì sí ẹni tí yóò rín in. Ọjọ́ orí kò gba ìtumọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan náà ni àgbàlagbà yìí jẹ́ 'olóòkú'. Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òkú náà di ohun ìní tí a ń ṣe, tí a ń ná owó lé lórí, tí ẹbí sì ń fi aṣọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ilẹ̀ Bùnú, aṣọ pupa tí à ń pè ní ipò ní ipa nínú ìsìnkú àwọn ẹni ńlá, Elisha Renne sì ṣe àlàyé kíkún lórí aṣọ àwọn ará ibẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1995. Láàárín àwọn ọdẹ, ìrèmọ̀jé tí Bádé Àjùwọ̀n kó jọ ní 1981 fi hàn pé ẹgbẹ́ pẹ̀lú lè jẹ́ olóòkú. Kò sí ọ̀kan nínú èyí tí 'mourner' gbé. 'Mourner' lè jẹ́ ọmọ òkú, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó yà síbẹ̀ fún wákàtí kan. Yorùbá pààlà láàárín wọn: olóòkú yàtọ̀, abánikẹ́dùn yàtọ̀. Nítorí náà, 'olórí aṣọ̀fọ̀' tí àwọn kan fi ń túmọ̀ 'chief mourner' kò bójú mu. Àrẹ̀mọ òkú tàbí dáwódù ni a ní, a sì mọ iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ohun kan tí ó yẹ fún ìyìn ni bí Gẹ̀ẹ́sì ara ògiri ní Nàìjíríà ti kọ́ ìyàtọ̀ òkú àgbà àti òkú ọ̀fọ̀. Bí arúgbó bá kú, 'celebration of life' ni a ń kọ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá kú, 'painful exit' tàbí 'gone too soon' ni. Ẹni tí ó ń kọjá lọ kò tíì ka ọjọ́ orí òkú kí ó tó mọ irú ẹni tí ó kú àti irú ìkíni tí yóò mú lọ sílé wọn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ilé ni ó darí rẹ̀.

Ìkíni gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀

Ibi tí Yorùbá ti lọ́rọ̀ jù ni ìkíni. 'Ẹ kú àṣẹ̀yìndè' wà fún ọmọ tí òbí rẹ̀ dàgbà kó tó lọ. Àdúrà ni fún ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn. 'Ẹ kú ara-fẹ́ra-kù' wà fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ó gbà pé àárò yóò máa sọ wọ́n. 'Ẹ kú ìrọ́jú' àti 'ẹ kú àmúmọ́ra' wà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní àlàyé. Ẹni tí ó bá kí ìyá ọmọ tí ó jóná pé 'ẹ kú àṣẹ̀yìndè' ti ṣìkí, gbogbo ilé yóò sì mọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi 'condolences' kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn kò tíì ní àǹfààní láti ṣìkí, nítorí wọn kò yan ohunkóhun.

Ní ẹ̀ka-èdè tí ó súnmọ́ Lọ́kọ́ja, ìkíni kan wà tí ó gbòòrò ju gbogbo wọn lọ. 'Okun' ni àwọn Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ fi ń kí ara wọn, débi pé ìkíni náà di orúkọ tí a fi ń pe gbogbo wọn. A fi ń kí ẹni tí a bá pàdé, a sì fi ń kí ẹni tí nǹkan ṣe. Yorùbá ní okun inú ni a fi ń gbé tìta. Kí a kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní 'okun' kò fi orúkọ kankan lé e, kò sì bi í léèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ó bá òbí Felele mu, ó bá opó mu, ó sì bá ọkùnrin tí kò ní aṣọ ọ̀fọ̀ mu. Bóyá nínú ẹ̀ka-èdè ni ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń wá wà.

Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ti jàǹfààní nínú ọgbọ́n yìí. 'Sorry' lẹ́nu ará Lọ́kọ́ja kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀. 'Pẹ̀lẹ́' ni. Òyìnbó tí a bá sọ ọ́ fún lè béèrè pé kí ni ẹni náà ṣe tí ó fi ń tọrọ gáfárà. Kò ṣe nǹkankan. Ó kàn dúró tì í ni.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé 'bereaved', 'widow', 'orphan' àti 'mourner' kò ní alábàádọ́gba kan ṣoṣo ní Yorùbá, àti pé ohun tí ó fa èyí ni pé èdè méjèèjì kò gba ọ̀nà kan náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń sunkún. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wúlò fún òfin, fún ẹgbẹ́ àti fún ẹni tí ó fẹ́ kí a mọ ipò òun. Ìkíni Yorùbá wúlò nínú ilé, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná.

Fún oníròyìn àti ògbufọ̀, ó sàn kí a tú 'the bereaved' palẹ̀ ju kí a wá ọ̀rọ̀ kan dí i lọ: 'àwọn òbí tí ọmọ wọn bá ìjàǹbá náà lọ', 'ìyàwó àti ọmọ awakọ̀ tí ó kú'. Ó gùn díẹ̀ ní kíkà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn yóò gbọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Fún àwọn tí ó ń túmọ̀ òfin, kí a má ṣe fi 'opó ṣíṣe' rọ́pò 'widowhood' láìyẹ gbólóhùn wò. Fún àwọn òǹtẹ̀wé, kí òfò, ọ̀fọ̀ àti ọfọ̀ máa ní àmì tiwọn.

Fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Ìkíni ọ̀fọ̀ ní Ọ̀wọ́rọ̀, Bùnú, Ìjùmú àti Ìyàgbà yẹ fún àkójọ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, pẹ̀lú irú òkú tí ìkọ̀ọ̀kan wà fún àti ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kí i, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n dájú ṣì wà láàyè láti sọ ọ́.